Láti Ọjà Olúwo dé Àkrà Láìní Mọ́tò: Ibodè Ni Kí Ẹ Fi Pín Ètò Yín

Láti Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ dé Àkrà, ibodè mẹ́ta lèèyàn máa kọjá: Sẹ̀mẹ̀, Hilla-Condji àti Aflao. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà ní ọ̀kankan nínú wọn, kò sì pọn dandan kéèyàn ní mọ́tò tirẹ̀. Láti ìgbà tí àwa mẹ́ta nínú kíláàsì wa ti rin ọ̀nà yìí nínú ìsinmi tó kọjá, àwọn ọmọ ọdún kejì àti ìkẹta kò yé bi wá léèrè bí a ṣe ṣe é. Èsì mi kì í yí padà: ẹ má fi ìlú pín ètò yín, ibodè ni kí ẹ fi pín in. Owó, aago àti èdè ìjọba ló ń yí padà lójú ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kì í yí padà níbì kan náà.

Ìwé ló ṣáájú. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979 ló fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ilẹ̀ ara wa láìgba físà, ká sì lò tó 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ọdún 1985 ni àwọn ará Yúróòpù tó fọwọ́ sí ti Schengen, tiwa ló dàgbà jù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń ti Faransé lọ sí Jámánì lè sùn nínú ọkọ̀ ojú irin kó má mọ ìgbà tó kọjá ibodè. Àwa ní láti sọ̀kalẹ̀, ká tò, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé wa lẹ́ẹ̀mejì, lọ́dọ̀ àwọn tí à ń fi sílẹ̀ àti lọ́dọ̀ àwọn tí à ń bá. Ẹ má gbàgbé òǹtẹ̀ ìjáde o. Páásípọ́ọ̀tù dára jù, àmọ́ ìwé ìrìnnà ECOWAS tí Ìmígíréṣọ̀n ń ṣe náà wúlò. Ẹ tún mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní yellow card. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, nítorí náà kì í ṣe nǹkan tí à ń sáré lọ ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ béèrè bóyá ibodè ṣí. Nàìjíríà ti àwọn ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn. Ghana náà ti tirẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nígbà Kòrónà, ó sì gbà á ní ọdún méjì gbáko kó tó ṣí i.

Èkó gan-an ló gba ọgbọ́n jù. Ẹni tó bá wà ní Ẹ̀pẹ́ lè gba ọ̀nà Lẹ́kí lọ sí CMS, ṣùgbọ́n ìyá mi ń ta ẹja ní Olúwo, Ìkòròdú là ń gbé, ọ̀nà Ìtóìkín ni mo mọ̀. Láti Ìkòròdú, a wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpakòdò lọ sí CMS. A fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ ojú irin Marina, a sì wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, lọ sí Mile 2. Káàdì Cowry kan náà la lò fún ọkọ̀ ojú omi àti ti ojú irin. Ní Mile 2 ni ẹ ti máa rí ọkọ̀ Bàdágìrì àti Sẹ̀mẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn wákàtí lórí ọ̀nà Bàdágìrì.

Ní Sẹ̀mẹ̀, owó àti èdè ìjọba máa yí padà: náírà di CFA, Gẹ̀ẹ́sì di Faransé. Aago kò yí padà. Èdè ẹnu àwọn ará ọjà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, torí Ẹ̀gùn wà ní Bàdágìrì, ó wà ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, Yorùbá náà sì wà ní Àjàṣẹ́ dáadáa. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó, ẹ kà á lójú wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. CFA so mọ́ owó Yúrò ní 655.957, kì í ṣe òun ló ń dà wá láàmú, náírà ni.

Ní Hilla-Condji tí ẹ ti máa wọ Tógò, owó kò yí padà, Faransé kò yí padà, aago nìkan ló padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Aago mẹ́ta ọ̀sán ní Grand-Popo, aago méjì ni ní Aného. Ní Aflao, aago dúró, ṣùgbọ́n CFA di sídì, Faransé sì tún di Gẹ̀ẹ́sì. Lómé fara ti ibodè yìí débi pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ìgboro olú ìlú Tógò wọ Ghana. Ọkọ̀ Àkrà wà níwájú yín bí ẹ bá ti kọjá, ẹ ó sì gba orí afárá odò Volta ní Sogakope.

Ibi tí ọ̀rọ̀ aago ti ń dunni ni ìgbà tí à ń bọ̀. Nígbà tí à ń lọ, wákàtí kan lé sí tiwa. Nígbà tí à ń padà, wọ́n gbà á padà: bí ẹ bá kúrò ní Lómé ní aago méjì ọ̀sán, aago mẹ́ta ti lù ní Kútọ̀nú. Bẹ́ẹ̀, a ti fẹnu kò pé a ò ní kọjá ibodè kankan lálẹ́. Bàbá ọ̀kan nínú wa, tó jẹ́ obìnrin, ti kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ òun kò ní lọ. Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà ni bébà kan tí a kọ ilé tí a máa sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó ni ilé, àti aago tí a gbọ́dọ̀ ti débẹ̀. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí ti rò ó.” Ẹ kọ irú bébà yẹn kódà bí bàbá yín kò bá béèrè.

Ẹ sì fi àyè sílẹ̀ nínú ètò. Ní ibodè kan, òṣìṣẹ́ kan mú páásípọ́ọ̀tù wa dání, ó ní ká san owó kan tí kò lórúkọ. A ní a máa san, kó ṣáà fún wa ní rìsíìtì. Bí wákàtí méjì la fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì kó tó dá ìwé wa padà. Ká ní a ti há ìlú méjì mọ́ ọjọ́ yẹn ni, òru ì bá bá wa lójú ọ̀nà.

Àwa tí à ń kọ́ ẹ̀dá èdè, ọ̀nà yìí tọ́ sí wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀gùn, Fọ̀n, Gẹ̀n, Ewe, gbogbo wọn ló fi “gbè” pe èdè, òun ni Capo, tó ti ṣe olùkọ́ ní Ìlọrin rí, fi sọ gbogbo agbo náà lórúkọ. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1991 lórí fonọ́lọ́jì wọn wà lára èyí tí mo kà kí n tó lọ. Ohun tí mo kà di ohun tí mo ń gbọ́ nínú tákísì: ọ̀rọ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, kò síbi tó já. “Akpé” tí mo fi dúpẹ́ ní Lómé ni mo tún fi dúpẹ́ ní Aflao. Orúkọ ọkọ̀ náà kò ṣeé fojú fò. Zémìjàn ni ọ̀kadà ní Kútọ̀nú, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “gbé mi kíákíá”. Tró tí àwọn ará Àkrà fi ń pe dánfó tiwọn, owó ọkọ̀ àtijọ́ ló ti wá, tọ́rọ́ ni ní èdè Gã. Àwa tí a sọ ọkọ̀ tiwa ní bọ̀lẹ̀kájà, ìjà la rántí.

Ẹni tí kò bá lè sọ Faransé, kó kọ́ òǹkà rẹ̀ ṣáájú ìkíni: cent, cinq cents, mille. Owó ọkọ̀ kì í dúró de gírámà.

Ọkọ̀ ńlá tó ń lọ tààrà láti Èkó dé Àkrà wà o, ABC Transport wà lára àwọn tó ń ṣe é. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ ní, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ fi ọjọ́ tó kù wo Àkrà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní tó ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ já a síwẹ́wẹ́, kí ẹ sùn ní Àjàṣẹ́ àti Lómé. Ẹja àrọ̀ gbígbẹ tí ìyá mi dì fún wa láti Olúwo gbé wa dé Lómé pẹ̀lú gàrí, owó oúnjẹ tí a fi pamọ́ ló sì san ilé tí a sùn.

Àwa kò dé Abidjan. Akẹgbẹ́ wa kan ń gbèrò rẹ̀ báyìí. Láti Àkrà, Elubo ló máa gbà wọ Côte d'Ivoire, níbi tí Faransé àti CFA ti máa tún padà, tí aago kò sì ní yí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé CFA tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní Lómé, kó má ṣẹ́ ẹ sí sídì ní Aflao. Owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Abidjan.