Ṣòkòtò 501 Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Òtútù òwúrọ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kì í ṣe ohun tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè kojú. Àárín òkè ni a tẹ̀dó sí, kí oòrùn sì tó yọ, kùrukùru á ti bo òrùlé. Ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣòkòtò kan ni mo máa ń nawọ́ sí: jíìnsì Levi's 501 tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ. Ní ìjọ wa, obìnrin kì í wọ ṣòkòtò, nítorí náà ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀.

Kàtángùà ní Èkó ni bàbá mi ti rà á kí wọ́n tó bí mi, nínú òkìtì aṣọ òkirikà. Ọkùnrin náà kò ga. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ń wọ́ nílẹ̀, ni ìyá mi bá ká a sínú, ó sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ àti òwú dúdú rán an.

Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1873 ni Levi Strauss, oníṣòwò ní San Francisco, àti Jacob Davis, télọ̀ ní Reno, gba ìwé àṣẹ láti máa kan ìṣó bàbà kéékèèké mọ́ etí àpò ṣòkòtò òṣìṣẹ́ kí ó má baà ya. Ní nǹkan bí ọdún 1890 ni nọ́ńbà 501 dé. Ìṣó bàbà tèmi ṣì wà níbẹ̀. Kò ní síìpù, bọ́tìnnì ni.

Ṣùgbọ́n aró rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró nídìí ìkòkò ẹ̀lú mọ̀ pé aṣọ kì í dúdú lẹ́ẹ̀kan: wọ́n á rì í, wọ́n á yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, wọ́n á tún rì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe òwú jíìnsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1897 tí ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró àtọwọ́dá, ewé kọ́ ló ń dú ọ̀pọ̀ jùlọ mọ́. Òwú òòró nìkan ni wọ́n ń pa láró. Funfun ni ti ìbú. Aró náà kì í sì í wọ inú òwú tán, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ibi tí ìgbésí ayé ẹni bá ti ń kàn án ni yóò ṣí. Lára àpò ẹ̀yìn, àmì pọ́ọ̀sì bàbá mi wà níbẹ̀, onígun mẹ́rin, ó funfun. Òun kò sí mọ́, pọ́ọ̀sì kò sí mọ́.

Lóṣù tó kọjá, orúnkún rẹ̀ ya. (Àwọn kan ń fowó ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti ya fún wọn, n kò bá wọn jà.) Télọ̀ lẹ ègé aṣọ mọ́ ọn láti inú, ó wò mí, ó ní kí òun tú etí ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí mo ga ju ẹni tó ni ín lọ. Mo kọ̀. Ó ṣe mí bíi pé ó fẹ́ tú ilé wa.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, ìyá mi na ọwọ́.

"Gbé e wá. Èmi ni mo rán an fún bàbá rẹ, èmi náà ni n ó tú u."

Ó fi abẹ já òwú dúdú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò lórí itan rẹ̀. Ibi tó ti ká sínú láti ọdún wọ̀nyí wá dúdú mìnìjọ̀ bí aró tuntun. Ó fi àtàǹpàkò ra á, ó tún un rà.

"Báyìí ló rí," ni ó wí, "lọ́jọ́ tó gbé e dé."