Bọ́ọ̀sì Ọ̀nà-Ọ̀tọ̀ lórí Márosẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Díwọ̀n Àwọn Àṣàyàn

1. Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì irú tuntun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Èkó, láti Mile 12 títí dé CMS, ìrìn kìlómítà 22. BRT ni àwọn ará Èkó ń pè é. Lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fà yọ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ yìí. Kò sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò gbọ́ èdè náà. Bí ènìyàn bá sì túmọ̀ rẹ̀ sí ‘bọ́ọ̀sì ayára’, ìtumọ̀ náà yóò ní àléébù, nítorí pé olùgbọ́ yóò rò pé awakọ̀ ni ó ń sá eré àsápajúdé. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ohun tí ó mú kí bọ́ọ̀sì yìí yá ni pé ohun tí ó ń dá a dúró lójú ọ̀nà kò pọ̀. Nítorí náà, bọ́ọ̀sì ọ̀nà-ọ̀tọ̀ ni orúkọ tí àròkọ yìí yóò lò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣàlàyé àwọn àṣàyàn tí ó wà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kún márosẹ̀ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, àti òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń yan ọ̀kan nínú wọn.

2. Oríkì àwọn ọ̀rọ̀-ìperí

Márosẹ̀ ni ọ̀nà ńlá tí ìhà àlọ àti ìhà àbọ̀ rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlà-ọkọ̀ ni apá kan nínú ìhà náà, tí ó fẹ̀ tó kí ọkọ̀ kan ṣoṣo gbà á kọjá. Agbára-ìkérò ni iye èrò tí ó lè gba orí ìlà-ọkọ̀ kan kọjá láàárín wákàtí kan. Àlàfo-àkókò ni iye ìṣẹ́jú tí ó wà láàárín bọ́ọ̀sì kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Àyè-ìdúró ni ojú ibi tí bọ́ọ̀sì kan ń dúró sí nínú ibùdókọ̀ láti já èrò àti láti gbé èrò.

Bọ́ọ̀sì ọ̀nà-ọ̀tọ̀, ní ìpé rẹ̀, ní àbùdá mẹ́ta: ó ní ìlà-ọkọ̀ tirẹ̀; èrò rẹ̀ ti san owó kí ó tó wọlé; ilẹ̀ ibùdókọ̀ rẹ̀ sì ga dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ inú ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá dín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyára rẹ̀ yóò dín.

3. Àwọn àṣàyàn mẹ́rin

(a) Àdàlù. Bọ́ọ̀sì ń rìn láàárín àwọn ọkọ̀ yòókù; ibùdókọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n tún ṣe, tí iná oríta sì ń fún un láyè. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ó mú danfo yóò mú òun náà.

(b) Ẹ̀gbẹ́. Ìlà-ọkọ̀ etí márosẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Irú èyí ni wọ́n lò lórí Ikorodu Road ní 2008. Nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 ọ̀nà náà ni wọ́n fi kọnkéré là láàárín. Èrò sọ̀kalẹ̀ sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ tí ó fẹ́ yà kúrò lórí márosẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ wọ inú rẹ̀, ni yóò gba iwájú bọ́ọ̀sì kọjá.

(d) Àárín. Ìlà méjì tí ó wà láàárín àlọ àti àbọ̀ ni bọ́ọ̀sì ń gbà. Ìlú Curitiba ní Brazil ti lo irú èyí láti 1974, Bogotá ní Colombia láti 2000. Ní Èkó, òun ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n fa ọ̀nà náà láti Mile 12 dé Ìkòròdú ní 2015, àti láti Oṣòdì dé Abúlé Ẹ̀gbá ní 2020. Ọkọ̀ tí ó ń yà kì í dí i lọ́wọ́. Ìnira rẹ̀ ni pé èrò gbọ́dọ̀ la ìdajì márosẹ̀ kọjá kí ó tó dé ibùdókọ̀. Nítorí náà, owó afárá ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́ ara owó àṣàyàn yìí. Bí afárá náà bá jìnnà, tàbí tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ga ju ohun tí ìyá arúgbó tí ó ru ẹrù lè gùn, àwọn ènìyàn yóò máa sáré kọjá láàárín ọkọ̀, ẹ̀mí yóò sì máa ṣòfò.

(e) Orí afárá. Wọ́n gbé ọ̀nà bọ́ọ̀sì sókè pátápátá, bí wọ́n ti ṣe ní Xiamen ní ilẹ̀ Ṣáínà ní 2008. Kò sí ohun tí ó ń dá a dúró ju ibùdókọ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ti gbogbo àwọn yòókù.

4. Ìṣirò agbára-ìkérò

Yorùbá ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Márosẹ̀ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀; ohun tí bọ́ọ̀sì bá gbà, mọ́tò ni ó pàdánù rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan yóò fi èyí hàn. Bí ìlà-ọkọ̀ kan bá gba mọ́tò 1,800 láàárín wákàtí kan, tí ènìyàn 2 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, agbára-ìkérò rẹ̀ jẹ́ 3,600. Ìlà mẹ́ta yóò kó 10,800.

Bí wọ́n bá gba ìlà kan fún bọ́ọ̀sì, tí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń lo ìṣẹ́jú 1 ní àyè-ìdúró kí òmíràn tó wọlé, bọ́ọ̀sì 60 péré ni ó lè kọjá. Bí èrò 70 bá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye náà jẹ́ 4,200. Bí àyè-ìdúró bá di méjì, tí bọ́ọ̀sì sì lè ya ara wọn sílẹ̀, ó di 8,400, gbogbo márosẹ̀ yóò sì kó 15,600. Ṣùgbọ́n bí àlàfo-àkókò bá jẹ́ ìṣẹ́jú 10, bọ́ọ̀sì 6 péré ni yóò kọjá, pẹ̀lú èrò 420. Àpapọ̀ yóò sì wálẹ̀ sí 7,620, èyí tí ó kéré sí iye ti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbí. Èkíní, ibùdókọ̀ ni ó ń fi gbèdéke sí agbára-ìkérò, kì í ṣe gígùn ọ̀nà. Èkejì, yíya ìlà sọ́tọ̀ láìsí bọ́ọ̀sì tí ó pọ̀ tó ń pa àwọn aráàlú lára.

5. Ẹ̀rí láti Delhi

Ní 2008 ni wọ́n ṣí ọ̀nà bọ́ọ̀sì alárin kan ní Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà, láti Ambedkar Nagar dé Moolchand. Kò pé kìlómítà 6. Àwọn onímọ́tò fi ẹ̀hónú hàn pé wọ́n gba ọ̀nà lọ́wọ́ wọn. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ gíga Delhi kò gbà pé kí wọ́n mú un kúrò. Síbẹ̀, ìjọba ìlú náà tú u ká ní 2016. Ó hàn gbangba pé òṣùwọ̀n ìṣirò nìkan kò tó. Bí wọ́n bá ń díwọ̀n àṣàyàn, ó yẹ kí wọ́n ka ohùn èrò bọ́ọ̀sì mọ́ ohùn onímọ́tò, nítorí pé ẹni tí ó wà lórí ìlà ibùdókọ̀ kì í sábà rí àyè lọ sí ìpàdé.

6. Àgbálọgbábọ̀

Kò sí àṣàyàn kan tí ó dára fún gbogbo márosẹ̀. Níbi tí oríta bá pọ̀, àárín ni ó yẹ, bí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá wà nítòsí. Níbi tí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ bá ti wà fún àwọn ọkọ̀ tí ó fẹ́ yà, ìlà ẹ̀gbẹ́ lè tó. Níbi tí bọ́ọ̀sì kò bá tíì pọ̀, ó sàn kí wọ́n kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀sì kún un kí wọ́n tó gba ìlà. Ọ̀rọ̀-ìperí náà, bọ́ọ̀sì ọ̀nà-ọ̀tọ̀, ń rán olùgbọ́ létí ìbéèrè tí ó ṣe kókó: ọ̀nà ta ni wọ́n fẹ́ gbà, èrò mélòó ni yóò sì jàǹfààní rẹ̀?