Ìyá Àgbà Nínú Òjò Dídì

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fi Jos ṣe ibùgbé mọ bí ọyẹ́ ti ń ṣe ènìyàn ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́. Síbẹ̀, ọyẹ́ tiwa kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù ìpínlẹ̀ Minnesota, ní àríwá Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé ọdún 1996, òtútù ìlú kékeré kan níbẹ̀, Tower, fi ìwọ̀n Celsius 51 rẹlẹ̀ ju ibi tí omi ti ń di yìnyín lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn arúgbó ń dá gbé ní ìgbèríko ibẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń dá gbé? Ilé wọn kì í fara kan ara bí ti abúlé wa. Òfin kan tí ìjọba wọn ṣe ní ọdún 1862 fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ tó tó éékà 160, bí ó bá lè gbé orí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí ó sì ro ó. Nítorí náà ni olúkúlùkù fi kọ́lé sáàárín oko tirẹ̀, tí aládùúgbò ẹni sì lè wà ní ìrìn máìlì kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo opó ẹni ọgọ́rin ọdún kan níbẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ sí Chicago. Nínú oṣù Ọ̀pẹ, ó ń lọ sí aago mẹ́jọ kí oòrùn tó yọ, kì í sì í tó aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí ó fi wọ̀. Ní alẹ́ tí òtútù bá le jù, ìyá yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ omi máa kán tó, tó, tó. Kì í ṣe ìnákúnàá: omi tó bá dì a máa wú, a sì máa bẹ́ páìpù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò wọ aṣọ lé aṣọ, yóò da iyọ̀ tàbí eérú sí ẹnu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ ọ́. Ìṣubú ni ẹ̀rù rẹ̀ ju òtútù lọ, nítorí egungun ìbàdí kì í tètè jiná lára arúgbó. Oúnjẹ kò wọ́n ọn: tòmátì àti ẹ̀wà tí ó ti sè sínú ìgò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wà ní yàrá abẹ́ ilé.

Kì í gbẹ́kẹ̀ lé òwúrọ̀ tí oòrùn bá ràn. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1888, ojú ọjọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ní òwúrọ̀, àwọn ọmọdé sì lọ sí ilé ìwé. Ìjì òjò dídì ká wọn mọ́ ọ̀nà lójijì. Ènìyàn tó lé ní igba ló kú.

Àwọn ọmọ a máa fi tẹlifóònù bẹ̀ ẹ́ pé, “Màmá, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa.” Yóò ní ilé òun ni òun wà. Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò tíì fún ní irú èsì yìí láti ilé?

Apínlẹ́tà ló kù tí ojú rẹ̀ ń tó o. Láti ọdún 1896 ni ìjọba ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ dé oko lọ́fẹ̀ẹ́. Bí lẹ́tà àná bá ṣì wà nínú àpótí ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò sì sí ipa ẹsẹ̀ nínú òjò dídì, apínlẹ́tà tó mọ ènìyàn rẹ̀ yóò yà lọ kan ilẹ̀kùn. Ní ọdún 1982, ẹgbẹ́ àwọn apínlẹ́tà àti iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ sọ irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ di ètò fún àwọn arúgbó tó bá forúkọ sílẹ̀.

Apínlẹ́tà yìí kan náà ní í kó ìwé àwọn oníṣòwò irúgbìn dé ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú àwòrán tòmátì pupa rokoṣo. Ìyá yóò tẹ́ ẹ sórí tábìlì, yóò fi pẹ́ńsùlù sàmì sí èyí tí ó wù ú. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ni yóò gbìn wọ́n sínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó di oṣù Èbìbí kí ilẹ̀ ìta tó lè gbà wọ́n.