Ẹ Má Tí ì Ra Pọ́ǹpù Epo Tuntun!

Láti oṣù kẹjọ 2023 tí ULEZ ti dé gbogbo London, mọ́tò tó ti lé ní 40 ọdún, tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi "historic", tí a kò sì fi ń ṣòwò, kì í san £12.50 ojúmọ́ yẹn. Nítorí náà ó yẹ ká tọ́jú Peugeot 505 GTI ọdún 1983. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ 505 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, ẹ ò gbàgbé rẹ̀, àbí?

Òkè Shooters Hill ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Plumstead kò sí wàhálà. Tó bá ń gòkè, ẹ́ńjìnì nílò epo púpọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹlòmíì á ní, "Pọ́ǹpù ti kú." Ó dáa, ẹ wọn agbára epo ná.

Géèjì la ń so sáàárín fíltà àti páìpù àwọn ínjẹ́tọ̀. Nínú ìran Bosch L-Jetronic, ó sábà máa ń jẹ́ 2.5 tàbí 3 bar. Ìwé mọ́tò yín ló mọ tiyín. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, abẹ́rẹ́ géèjì á wálẹ̀. Bí ẹ bá tẹná, á gòkè. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn o! Ẹ yọ họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ orí régúlétọ̀, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀: abẹ́rẹ́ yẹ kó gòkè tó ìdajì bar, kó sì dúró. Bí ẹ bá rí epo nínú họ́ọ̀sì yẹn, rọ́bà inú régúlétọ̀ ti ya. Ẹ pa ẹ́ńjìnì kíákíá.

Bí abẹ́rẹ́ bá ṣì ń jó, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Tó bá fà "fùú", tí mọ́tò sì padà bọ̀ sípò, afẹ́fẹ́ ni kò ráyè wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo asẹ́ inú táǹkì, fíltà, àti wáyà pọ́ǹpù. Wáyà tó ti dípẹtà lè sọ pọ́ǹpù tuntun di arúgbó! Họ́ọ̀sì àtijọ́ ńkọ́? Láti 2021 ni E10 ti di bẹntiróòlù gbogbogbòò níbí. Ẹtánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń jẹ rọ́bà àtijọ́, ègé rẹ̀ á sì lọ dí fíltà. E5 la fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ wọ́n. Bí gbogbo èyí bá dáa, tí abẹ́rẹ́ ṣì ń jábọ́, ẹ wá dá pọ́ǹpù lẹ́bi.

Ẹ̀yin ọmọ wa, èéfín bẹntiróòlù ń gbaná. Ìta gbangba ni kí àwọn àgbà ti ṣe é, kí wọ́n kọ́kọ́ tú agbára epo sílẹ̀, kí ẹ̀rọ ìpaná wà nítòsí. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ dúró lókèèrè pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá pè. Ìwé yẹn ni kí dádì fi han mẹ́káníìkì kó tó tú nǹkan kan.