Àìtètè mólè: Bí àmì kékeré kan ṣe tan kọ̀ǹpútà jẹ

Àwọn àgbàlagbà kò ní tíì gbàgbé ayé ìgbà tí wọ́n máa ń gbé lẹ́tà lọ bá ọmọ iléèwé pé kó bá àwọn kà á. Oríṣi ọmọ méjì ló wà. Ọ̀kan á dé ibi tó ta kókó, á ní, "Bàbá, ibí yìí kò yé mi o." Èkejì á méfò, á sì máa kà á lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni yóò kó ẹni tó ni lẹ́tà sí wàhálà?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí. Tí èèyàn bá kọ iṣẹ́ tó fẹ́ kó ṣe, ètò kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé kíkà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹyọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń kà tẹ̀ léra. Tó bá ti kó èyí tó pé ọ̀rọ̀ kan jọ, á gé e, á sì fi ránṣẹ́ sí ètò kejì, tó ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà wà níbi tó yẹ. "Token" ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ègé bẹ́ẹ̀. Tí ohun tí kò yé e bá yọjú, ojúṣe rẹ̀ ni láti pariwo síta, kó sọ ìlà tí àṣìṣe wà àti ohun tó rí níbẹ̀.

Lọ́dún 1957 ni iléeṣẹ́ IBM l'Amẹ́ríkà gbé Fortran jáde, èdè ìṣirò tí John Backus àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún kọ̀ǹpútà. Inú káàdì ni wọ́n ń lu iṣẹ́ sí nígbà náà, ìlà kan sí káàdì kan, ó sì lè di ọjọ́ kejì kí èsì tó jáde.

Àléébù kan wà lára Fortran: kò ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ sí. Tí wọ́n bá kọ "DO 10 I = 1,10", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, títí dé ìlà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 10, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tí ọwọ́ bá ṣèèṣì fi àmì ìdánudúró sípò kọ́mà, tó di "1.10", ẹ̀rọ á so ọ̀rọ̀ iwájú pọ̀, á kà á sí orúkọ kan ṣoṣo, "DO10I", á sì fún un ní iye ọ̀kan àti ìdá kan nínú mẹ́wàá. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá di ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀rọ kò ní pariwo, nítorí lójú tirẹ̀, kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n bá nínú ìṣirò kan ní NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìnàjò òfurufú l'Amẹ́ríkà, lásìkò ètò Mercury tó gbé ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ lọ sí òfurufú lọ́dún 1961. Èèyàn ló ṣàkíyèsí pé èsì náà kò péye tó, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àwọn kan máa ń ní àṣìṣe yìí ló mú kí wọ́n ba ọkọ̀ Mariner 1 jẹ́ lójú ọ̀run lọ́jọ́ 22, oṣù keje, ọdún 1962. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì mìíràn tí wọ́n gbàgbé nínú ìlànà ìdarí ọkọ̀ náà ni tirẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nínú ọ̀nà ìkọ̀wé tuntun tó bá Fortran 90 dé lọ́dún 1991, ẹ̀rọ ti ń ka àlàfo sí. Èèyàn sì lè pàṣẹ fún un pé orúkọ yòówù tí wọn kò bá kọ́kọ́ fi hàn án, kó fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ẹ̀rọ tó ń ké "àṣìṣe" ní gbogbo ìgbà lè súni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní "kò yé mi" ló gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú.