Ìráànì: Ìbò Wà Lọ́wọ́ Aráàlú, Èèkù Idà Wà Níbòmíràn

A máa ń gbọ́ nínú ìròyìn pé wọ́n dìbò ní orílẹ̀-èdè Ìráànì. A sì tún máa ń gbọ́ pé ohun tí aráàlú fẹ́ kọ́ ni ó máa ń ṣẹ níbẹ̀. Báwo ni méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́? Èyí ni a fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Ní ọdún 1979, aráàlú lé Ọba Mohammad Reza Pahlavi kúrò lórí oyè, Ìráànì sì di orílẹ̀-èdè olómìnira ti Ìsìláàmù. Ìwé òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún náà gbé ìjọba ka orí ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kìíní ni ìbò, nítorí aráàlú ni ó ń yan ààrẹ àti àwọn aṣòfin. Ẹsẹ̀ kejì ni àṣẹ àwọn àáfà, nítorí Olórí kan wà tí ó ga ju ààrẹ lọ. Ayatollah Khomeini ni ó kọ́kọ́ wà ní ipò náà. Nígbà tí ó kú ní 1989, Ali Khamenei rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún ìwé òfin ṣe. Abẹ́ Olórí ni àwọn ológun wà. Òun ni ó ń yan olórí àwọn adájọ́ àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba.

Láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì ni Ìgbìmọ̀ Olùṣọ́ Òfin jókòó sí. Ènìyàn 12 ni wọ́n. Olórí ń yan àáfà 6. Olórí àwọn adájọ́, tí Olórí kan náà yàn, ni ó ń mú orúkọ àwọn amòfin 6 yòókù wá kí àwọn aṣòfin tó dìbò yàn wọ́n. Ìgbìmọ̀ yìí lè dá òfin tí ilé aṣòfin ṣe padà. Àwọn náà ni ó ń sọ ẹni tí ó lè díje. Àní àwọn àáfà 88 tí aráàlú ń dìbò yàn kí wọ́n lè yan Olórí, ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó díje.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, Mohammad Khatami, tí òun náà jẹ́ àáfà, jáde pẹ̀lú ìlérí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ àti ìjọba tí ń tẹ̀lé òfin. Nínú ìbò 100, nǹkan bí 70 ni ó jẹ́ tirẹ̀. Ní 2000, àwọn tí ó fẹ́ àtúnṣe gba ilé aṣòfin pẹ̀lú. Ènìyàn ìbá rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún náà, àwọn adájọ́ ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn pa. Nígbà tí àwọn aṣòfin tuntun fẹ́ tún òfin ìwé ìròyìn ṣe ní oṣù Kẹjọ, lẹ́tà Khamenei kan ni ó dá wọn dúró.

Ní 2002, Khatami gbé àbá òfin méjì jáde: ọ̀kan láti fi kún agbára ààrẹ, èkejì láti dín agbára Ìgbìmọ̀ náà kù lórí àwọn olùdíje. Àwọn wo ni yóò fọwọ́ sí i? Ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni! Wọ́n kọ̀ ọ́, Khatami sì kó àbá méjèèjì kúrò nílẹ̀ ní 2004. Ní ọdún yẹn, Ìgbìmọ̀ yọ orúkọ olùdíje tí ó ju 2,000 lọ, títí kan àwọn aṣòfin tí ó ju 80 lọ tí wọ́n ṣì wà lórí àga. Àwọn tí kò fẹ́ ìyípadà sì gba ilé aṣòfin padà.

Àwọn kan dá Khatami lẹ́bi pé ó bẹ̀rù jù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ìbò mílíọ̀nù 20 kò gbé èèkù náà lé e lọ́wọ́.

Ohun tí ó burú jù ni pé ìrètí aráàlú ń rẹ̀ dànù. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2021, àwọn tí ó jáde kò tó ìdajì. Ní ìpele kìíní ti ọdún 2024, nǹkan bí 40 nínú 100 ni ó dìbò. Masoud Pezeshkian, tí ó ṣèlérí àtúnṣe, ni ó wọlé ní oṣù Keje. Òun náà kò lè díje láìjẹ́ pé Ìgbìmọ̀ gbà á láyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí a bá gbọ́ pé ẹni tí ó fẹ́ àtúnṣe ti wọlé ní ìlú kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí a béèrè iye ìbò rẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a tún béèrè pé: ta ni ó lè sọ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣe é, ta sì ni ó yan ẹni náà?