Omi Ilé-Iṣẹ́ àti Kànga Wa: Kóńgò Wo Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Ọ́n?

Ẹni tí ó bá ń gbé Àgídìngbì, tàbí ibikíbi láàrin Ìkẹjà sí Agége, mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ńlá àti ilé gbígbé ti wọnú ara wọn. Omi tí wọ́n fi fọ nǹkan ní ilé-iṣẹ́ lè gba gọ́tà kọjá, kànga ẹlòmíràn kò sì jìnnà sí gọ́tà. Nítorí náà, òfin lórí bí a ti ń yẹ irú omi bẹ́ẹ̀ wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́fíìsì nìkan. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ wa ni.

Ní ọdún 1988 ni àṣírí tú pé wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí Koko, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba àpapọ̀ dá FEPA sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àyíká. Ní 1991, FEPA fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀ fún omi tí ilé-iṣẹ́ ń dà síta: ọ̀rá àti epo inú lítà kan kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 10 lọ. Ní 2007, NESREA gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó di 2009, ó ṣe òfin ti ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu lọ́tọ̀, ó ṣe ti aṣọ àti awọ lọ́tọ̀, nítorí pé omi aró kì í ṣe ẹgbẹ́ omi tí a fi fọ ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ṣùgbọ́n òdiwọ̀n nìkan kò tó. Bí ìyá méjì bá fi kóńgò tí kò dọ́gba wọn gaàrí, iye tí wọ́n pè kò lè yé wa. Bákan náà ni omi rí. Láti mọ bí ìdọ̀tí ti pọ̀ tó nínú omi, wọ́n máa ń gbé e sínú òkùnkùn fún ọjọ́ 5, ní ìwọ̀n ooru 20, wọn a sì wo iye ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ lò. Bí wọ́n bá fi í síbi tí ó gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, iye náà yóò yàtọ̀.

Ẹ tún wo ti ọ̀rá. Láyé àtijọ́, Freon ni wọ́n fi ń fa ọ̀rá jáde nínú omi. Àdéhùn Montreal ti 1987 mú kí ayé máa pa irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ tì, nítorí ó ń ba ààbò òfuurufú jẹ́. Ní 1999, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí hexane dípò rẹ̀. Ohun tí méjèèjì ń fà jáde kò dọ́gba pátápátá. Ìdí nìyí tí ìwé àyẹ̀wò fi gbọdọ̀ sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ kànga yín wò, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta:

1. Ṣé ìgò tí kò ní kòkòrò ni wọ́n fi bu omi náà, tí wọ́n gbé e sínú yìnyín, tí ó sì dé yàrá àyẹ̀wò lọ́jọ́ kan náà?

2. Kí ni wọ́n wá nínú rẹ̀? E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, kò gbọdọ̀ sí rárá nínú mílílítà 100 omi mímu. Àyẹ̀wò ti òjé tún yàtọ̀.

3. Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà wọ̀n ọ́n? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ fi èyí sọ́kàn. Omi tí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ti pa kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru àti ti tífọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n híhó kì í mú òjé kúrò, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bí omi kànga yín bá ṣàdédé yí àwọ̀ padà, tàbí tí ó ń rùn bí epo, ẹ má ṣe sè é mu. Ẹ wá omi mìíràn, kí ẹ sì fi tó LASEPA létí ní Alausa. Mímọ́ lójú kò tó ẹ̀rí.